Ìwòsàn Tí Kò Ní Ọjọ́ Ẹ̀rí

Àìsàn kan wà tí kì í pani kíákíá, tí kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ní in á jẹun alẹ́ tán, á dùbúlẹ̀, omi kíkan á sì ru láti inú àpòlúkù wá sí ọ̀nà ọ̀fun. Àyà á máa ta á, ẹnu á kan, ohùn á há, oorun á sá lọ. Ó lè sàn fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tún padà wá. Nílẹ̀ Èkìtì, ní Ìdó àti Ùsì, ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ọ́lísà (ulcer, ìyẹn ọgbẹ́ inú) ni ọ̀pọ̀ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbẹ́ lè má sí nínú ikùn ẹni náà rárá. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kọjá ọ̀rọ̀ dókítà nìkan. Bí onígbàgbọ́ kan bá ń gbé hóró oògùn kan náà mì láràárọ̀, tó ń yẹra fún oúnjẹ kan náà lálaalẹ́, tí ọdún ń gorí ọdún, tí kò sì lè dúró níwájú ìjọ kó ní òun ti bọ́, ṣé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré ni, àbí Ọlọ́run ni kò gbọ́? Èmi gbà pé kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ìwòsàn ni ẹni náà ń rí gbà. A kàn ti fi ọjọ́ ẹ̀rí ṣe òṣùwọ̀n ìwòsàn, débi pé èyí tó ń dé díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, kò jọ ìwòsàn lójú wa mọ́.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Oṣù keje ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Òdò-Ọwá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀ fún ìjọba kó tó gbọ́ ìpè ní 1928. Ọdún yẹn náà ni ìsọjí ọ̀hún dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó sì tàn wọ inú Èkìtì. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn kó oògùn àti ère sínú iná. Omi tí wọ́n gbàdúrà sí, tí wọ́n ń pè ní omi ìyè, ni wọ́n ń bù lọ sílé. Ká má gbàgbé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjìlá ṣáájú: àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918 ti kó èèyàn lọ bẹẹrẹ, àwọn dókítà òyìnbó kò sì ní oògùn kankan fún un. Àwọn tó yíjú sí àdúrà nìkan nígbà náà kì í ṣe òpè. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n bá lọ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn olórí ìsọjí náà ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọdún 1930, quinine tí àwọn àlejò náà ń lò nítorí ibà di ọ̀rọ̀ ńlá láàárín wọn. Lójú àwọn aṣáájú ọmọ ilẹ̀ wa, ẹni tó ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá kò yẹ kó tún máa gbé oògùn mì. Ọ̀nà wọn pín nígbẹ̀yìn, orúkọ Christ Apostolic Church sì wọ ìwé ìjọba ní 1943.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìdúró wọn, nítorí ohun tí wọ́n wàásù ni wọ́n fi ṣe ìwà hù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo omi ìyè náà dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń mu ún. Wọ́n ń gbé e lọ sílé, wọ́n ń mu níbẹ̀, wọ́n ń tún un mu. Kò sí ẹni tó sọ pé mímu tí wọ́n tún un mu fi hàn pé àdúrà àkọ́kọ́ kò gbà. Ẹnìkan lè ní omi kì í ṣe oògùn, pé ẹni tó mu omi náà, Ọlọ́run nìkan ló gbójú lé. Mo gbà. Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn: ibi tí ọkàn gbára lé ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe iye ìgbà tí ọwọ́ gbé nǹkan dé ẹnu. Ẹni tó gbé kápúsù mì, tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè tí wọ́n fi ṣe é, kò tíì kúrò lórí ìpìlẹ̀ tí àwọn baba yẹn fi lélẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòroó yé. Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú àpòlúkù, iṣan kan yí ẹnu ibẹ̀ ká bí okùn ẹnu àpò: ó ń ṣí kí oúnjẹ lè kọjá, ó sì ń pa dé kí ohun tó wà nísàlẹ̀ má baà gòkè. Omi tí àpòlúkù fi ń da oúnjẹ kan gidi gan-an. Bí ikùn bá ṣófo, ìwọ̀n pH rẹ̀ lè wà láàárín 1 sí 2, èyí tó kan ju omi ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Àpòlúkù ní ìbòrí tó ń yọ̀, tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi ara rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun kò ní irú rẹ̀. Bí iṣan yẹn bá ń tú lásìkò tí kò yẹ, tàbí tí apá kan àpòlúkù bá ti yọ gba inú ihò tó wà lára iṣan tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, omi náà á máa gòkè. Oyún ń fà á, ọ̀rá ikùn ń fà á, sìgá àti ọtí ń dá kún un. Iyán kò jẹ̀bi. Àmọ́ àgbẹ̀ tí kò fi nǹkan gidi kan ẹnu láti àárọ̀, tó wá jẹ iyán àjẹyó ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, tó sì lọ dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ti gbé ẹrù wúwo lé iṣan tí agbára rẹ̀ ti dín kù. Mo dúró lórí èyí nítorí ẹ̀bi tí wọ́n máa ń dá aláìsàn náà: wọ́n á ní ọ̀kánjúwà oúnjẹ ló fà á, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí kò jẹ́wọ́. Aboyún tí àyà ń ta nínú oṣù kẹjọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Jésù kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi, kò sì dá àwọn òbí rẹ̀ lẹ́bi.

Òru ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù. Lójú oorun, a kì í gbé itọ́ mì bí a ṣe ń gbé e mì nígbà tí a lajú sílẹ̀, ara tó sì wà ní ìdùbúlẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun tó gòkè tètè padà sísàlẹ̀. Nítorí náà ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe lè ta jí pẹ̀lú ikọ́, kí nǹkan há a lọ́fun, kí ohun kíkan tàbí kíkorò kún ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Bó bá wá lọ jẹ́ pé ó lá àlá oúnjẹ, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n á sọ fún un: wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ lójú oorun. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá àgbà kan nínú agboolé, orogún ìyá rẹ̀, tàbí aládùúgbò tó ń dá gbé á di ọ̀tá. Wọ́n á ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Wọ́n lè fún un ní òróró mu, tàbí kí wọ́n fún un ní ohun tí yóò mú un bì kí májèlé náà lè jáde. Òróró ń mú kí àpòlúkù pẹ́ kó tó ṣófo. Èébì ń gbé omi kíkan yẹn gan-an gba ọ̀fun tó ti bó kọjá. Oúnjẹ rẹpẹtẹ tí yóò fi ṣínu lóru yóò sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Bó bá bì, tí wọ́n rí omi tó ní àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé, ó di ẹ̀rí pé májèlé wà lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀, òróǹro ni, kò sì sí ẹni tí kò ní in nínú.

Èmi kò wá jiyàn pé kò sí ìwà ibi láyé, tàbí pé àlá kì í ní ìtumọ̀. Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà láàárín wa ló gbà pé èèyàn lè gba ìkìlọ̀ lójú àlá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ dá ẹlòmíràn lẹ́bi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ohun tó wà nítòsí wò. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán an wò, kò sì ní owó nínú. Kí ẹni náà jẹun alẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà, kó má dùbúlẹ̀ títí wákàtí mẹ́ta á fi kọjá. Kó fi bíríkì tàbí igi gbé ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí sókè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, nítorí ìrọ̀rí tó ga nìkan kò tó, ó kàn ń ká ikùn po ni. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, nítorí bí àpòlúkù ṣe wà nínú ara, omi rẹ̀ kì í tètè dé ẹnu ọ̀nà náà bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Bí ẹnu kíkan àti ìtají òru bá dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ti rí i pé ìyá àgbà yẹn kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ̀rí èké sí ọmọnìkejì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú Bíbélì, ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú Kùránì, àwọn baba wa sì kórìíra rẹ̀ kí ìwé méjèèjì tó dé. Agboolé ti túká nítorí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ìdí tí àlàyé ọ̀tá fi máa ń dùn létí ni pé ọ̀tá ṣeé ṣẹ́gun lọ́jọ́ kan: a ó dá ọjọ́ ìtúsílẹ̀, a ó gbàdúrà, ó ti parí. Iṣan tó ń tú kò ní ojú tí a lè bá jà, kò sì sí ọjọ́ tí a lè dá fún ìṣẹ́gun rẹ̀. Ara wa kì í fẹ́ gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ òtítọ́ tó.

Ṣé Ìwé Mímọ́ wá mọ irú ìwòsàn tí kò ní ọjọ́ ẹ̀rí? Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé wọ́n ń mú aṣọ ìnujú láti ara Pọ́ọ̀lù lọ bá àwọn aláìsàn, ara wọn a sì dá. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló kọ̀wé sí Tímótì, ọmọ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, nípa ikùn rẹ̀ àti àìlera tó ń ṣe é léraléra. Kò fi aṣọ ìnujú ránṣẹ́ sí i. Kò bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ó ní kó dẹ́kun mímu omi nìkan, kó máa lo wáìnì díẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe àwíjàre, nítorí ọtí wà lára ohun tó ń tú iṣan náà; bí Pọ́ọ̀lù ṣe ro ọ̀rọ̀ náà ni mo ń tọ́ka sí.) Nínú lẹ́tà kejì, ó ní òun fi Trófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Hesekáyà gba ìlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ẹnu wòlíì, síbẹ̀ wọ́n ṣì fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mánà inú Ẹ́kísódù ló wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ. Ti òòjọ́ ni wọ́n ń kó. Yàtọ̀ sí ti ọjọ́ ìsinmi, èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì á yọ ìdin, á sì rùn. Ogójì ọdún ni Ọlọ́run fi bọ́ wọn báyẹn. Kò sí ọmọ Ísírẹ́lì kan tó lè dìde jẹ́rìí pé láti òní lọ, ebi ti tán láyé òun. Ilẹ̀ ọ̀la á mọ́, á tún jáde lọ kó o. Bí Ọlọ́run bá ń bọ́ni lójoojúmọ́ tí ìyẹn kò bu agbára Rẹ̀ kù, kí ló dé tí wíwoni sàn lójoojúmọ́ yóò fi bù ú kù?

Àwọn Mùsùlùmí ní ẹ̀rí tiwọn. Nínú hadíìsì tí Tirmidhi gbà sílẹ̀, Ànábì pín ikùn sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún ohun mímu, ìdá kan fún èémí. Ẹni tí àyà ń ta kò lè rí ìmọ̀ràn tó dára ju ìyẹn lọ lọ́dọ̀ dókítà èyíkéyìí. Ní ti Ifá, ẹni tó bá tẹ Ifá, wọ́n á sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún un, yóò sì pa á mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí babaláwo tó máa wo ẹni tó ń pa èèwọ̀ mọ́ kó ní Orí rẹ̀ kò gbè é. Pípa èèwọ̀ mọ́ gan-an ni ẹ̀rí pé ó gbọ́ ohun tí Ifá wí. Tí a bá lè bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kì í jẹ ẹran kan nítorí Ifá, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kì í jẹun lẹ́yìn agogo méje nítorí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí lè ní mò ń kọ́ àwọn èèyàn láti gba àìsàn mọ́ra, pé ìwòsàn ojoojúmọ́ jẹ́ orúkọ rere tí mo fún àìrí ìwòsàn. Àtakò tó lágbára ni, ìtàn ọgbẹ́ inú sì tì í lẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé àníyàn àti omi kíkan ló ń dá ọgbẹ́ sínú àpòlúkù, wọ́n sì ń sọ fún aláìsàn pé kó máa gbé e kiri. Ní 1982, ní ìlú Perth ní Australia, Barry Marshall àti Robin Warren rí kòkòrò Helicobacter pylori nínú ikùn àwọn aláìsàn. Nígbà tí àwọn dókítà yòókù kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ ní 1984, inú àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Lónìí, ẹni tí kòkòrò yẹn fa ọgbẹ́ rẹ̀ lè lo àpapọ̀ oògùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó sì bọ́ pátápátá. Ìwòsàn tiẹ̀ ní ọjọ́ ẹ̀rí. Nítorí náà mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni káwọ́ gbera. Kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, kó mọ èyí tó ń ṣe é, nítorí ọ́lísà tí gbogbo wa ń pè é ti mú kí ẹni tó lè bọ́ má bọ́, ó sì ti mú kí ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ máa ra oògùn kòkòrò ní kẹ́míìsì ní àrà-túnrà.

Àtakò kejì ni pé oògùn ojoojúmọ́ ń sọni di ẹrú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Omeprazole, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, tó jáde sórí ọjà ní 1988, ń dí ibi tí àpòlúkù ti ń tú omi kíkan jáde. Ó dára láti gbé e mì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ àárọ̀. Ẹni tó lò ó fún ọdún púpọ̀ lè máà ní fítámì B12 tàbí magnesium tó nínú ara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó fún. Lẹ́yìn náà, kí dókítà dín in kù díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí ẹni tó ti pẹ́ lórí rẹ̀ bá kàn dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, àpòlúkù lè tú omi kíkan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ro ti ẹni tó ju oògùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú, tó jẹ́rìí, tí àyà rẹ̀ wá ń jó ní Ọjọ́bọ̀ ju bó ti ń jó tẹ́lẹ̀. Ohun tí àpòlúkù rẹ̀ ń ṣe kò lójú pọ̀, ṣùgbọ́n òun yóò gbà pé ìgbàgbọ́ òun ti já òun kulẹ̀, tàbí pé èṣù ti padà wá. Ẹ̀dùn ọkàn yẹn burú ju àìsàn náà lọ, àwa tí a ní kó ju oògùn sílẹ̀ la sì dá a sílẹ̀. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ẹrú oògùn, àgbo inú ògógóró tí wọ́n ń mu fún jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí àgbẹ̀ ń gbé mì lẹ́yìn iṣẹ́ oko ń ba ikùn jẹ́ ju omeprazole lọ.

Ní ti ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Súrà al-Baqara, àyá 184 àti 185, yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ọjọ́ tó jẹ padà nígbà mìíràn, ó sì fi bíbọ́ aláìní rọ́pò fún ẹni tí kò lágbára rẹ̀. Kùránì ní ìrọ̀rùn ni Ọlọ́hun fẹ́ fún ẹrú Rẹ̀. Onígbàgbọ́ tó ń gba ààwẹ̀ kò ní àṣẹ tó le ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ gbà á lè gbà á, bó bá ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó sì ń fi oúnjẹ díẹ̀ ṣínu dípò kó fi gbogbo ìkòkò dí ebi ọjọ́ kan.

Mo wá bẹ ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin àáfà àti ẹ̀yin babaláwo ní gbogbo àríwá Èkìtì. Bí ẹnìkan bá wá bá yín pé òun jẹun lójú oorun, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bi í léèrè ìgbà tó jẹun alẹ́ àti iye tó jẹ. Ẹ má ní kó ju oògùn sílẹ̀. Bí oúnjẹ bá ń há a lọ́fun, bó bá ń rù láìnídìí, bó bá bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dá ààwẹ̀ kankan fún un; ìrora àyà tó bá sì tàn dé apá, tí òógùn tútù ń bò ó, lè jẹ́ ti ọkàn, kò sì gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ìrìn àjò ọkọ̀ kan péré sí èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ẹ ní kó lọ síbẹ̀, kí ẹnìkan nínú ìjọ sì bá a lọ.